Iye Àtẹ̀gùn Odi Òkun

Ní Sátidé kejì nínú oṣù kẹwàá, ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ọ̀sán ní Họ́láńdì, tí í ṣe aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀ ní Houston, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi láti orí nọ́ńbà màmá mi. Ó ní kí n ya fọ́tò òdòdó túlíìpù ránṣẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kì í ṣe màmá mi ló kọ ọ́. Ohun tó dá mi lójú lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Màmá fi kọ́ àwọn ọmọ ní jiọ́gíráfì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Abẹ́òkúta. Wọ́n mọ oṣù tí kòkó ń so, wọ́n mọ oṣù tí yìnyín ń yọ́ lórí òkè, wọ́n sì mọ̀ dájú pé ìgbà tí òtútù bá ń lọ, nǹkan bí oṣù kẹrin, ni túlíìpù ń tanná. Kò sí bí wọ́n ṣe lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi nínú oṣù kẹwàá. Kódà tí oorun bá wà lójú wọn, wọn ò jẹ́ béèrè rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó kọ́ jiọ́gíráfì nílé ìwé wa ló ti gbọ́ nípa pólídà, ilẹ̀ tí àwọn ará Họ́láńdì gbà lọ́wọ́ omi: wọ́n mọ odi yí i ká, wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, wọ́n sì ń dáko níbẹ̀. Lọ́dọọdún ni Màmá máa ń ya á sójú pátákó. Òkun á wà lápá òsì, á ga. Ilẹ̀ á wà lápá ọ̀tún, á rẹlẹ̀. Odi á wà láàárín, ọkùnrin kékeré kan á sì dúró lórí odi náà, tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì wọn, mo nawọ́ sókè, mo bi wọ́n pé, "Mà, ṣé ẹ ti rí i rí?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Màmá ní kí n kúnlẹ̀. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí agogo fi lù. Nígbà tí a délé, wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, wọ́n ní, "Rárá, mi ò tíì rí i. Ìwé ni mo kà." A ò tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́wàá.

Nígbà tí mo gba àyè láti kàwé oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò ní ìlú kékeré kan ní Họ́láńdì, Màmá ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti wà ní Humble, lẹ́bàá Houston, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n ń bá wọn tọ́jú ọmọ mẹ́ta, torí owó daycare, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ, ì bá jẹ owó oṣù wọn tán. Mo pè wọ́n láti sọ fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ìwọ tó o bi mí léèrè lójú gbogbo ayé. Ọlọ́run ti rán ọ lọ wò ó. Ìwọ lo máa lọ dúró lórí odi yẹn."

Báyìí ni àwọn Sátidé wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, Màmá á sọ̀rọ̀ sórí fóònù, wọ́n á fi ohùn náà ránṣẹ́, wọ́n á yan ibi tí màá lọ àti ohun tí màá yẹ̀ wò. Ní ọ̀sán Sátidé, èmi náà á fi fọ́tò àti ohùn tèmi jíṣẹ́. Wọn kì í pẹ́ dáhùn, torí láti aago márùn-ún àárọ̀ ni wọ́n ti ń jí gbàdúrà.

Ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n rán mi ni ibi tí àwọn ọlọ afẹ́fẹ́ tò lọ létí omi, ńláńlá, apá wọn dà bí àkàbà. Ìbéèrè wọn ni pé ṣé wọ́n ṣì ń fa omi, àbí wọ́n kàn dúró kí àwọn àlejò lè ya fọ́tò. Mo bi ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó ní ẹ̀rọ oníná ló ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ́ kí àwọn ọlọ náà yí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa dógùn-ún, bóyá wọ́n á tún nílò wọn lọ́jọ́ kan. Mo jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Màmá ní, "Tíṣà tó fẹ̀yìn tì nìyẹn. Wọ́n á máa pè é lọ́jọ́ àjọ̀dún."

Ọ̀sẹ̀ kan, mo yá kẹ̀kẹ́, mo gun ún gba àárín oko. Atẹ́gùn kò jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá lọ, ó dojú kọ mí. Bí mo bá ń bọ̀, ó tún dojú kọ mí, mi ò sì rí àlàyé kankan fún un. Àwọn màlúù ń jẹko lápá méjèèjì ọ̀nà láìsí ọgbà, kòtò omi tóóró ni wọ́n fi pààlà láàárín oko kan àti èkejì. Màmá fẹ́ mọ̀ bóyá màlúù ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni. Mo ní mi ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n ní, "Lọ́yà mi, ìwọ tí o ò lè sọ pé ilẹ̀ ti mọ́ tí o ò bá rí ẹlẹ́rìí méjì."

Ọ̀sẹ̀ mìíràn, bọ́ọ̀sì wa gba abẹ́ odò kọjá, odò tí wọ́n fi afárá gbé kọjá lókè títì, ọkọ̀ ojú omi kan sì ń lọ lókè orí wa, ó rọra ń lọ, obìnrin kan jókòó lórí rẹ̀ ó ń bó ọsàn. Màmá ní irọ́ ni. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ti gbé fóònù náà yí ilé ká, wọ́n ti fi han ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti fi han aládùúgbò ará Mẹ́síkò tí kò gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì ti fi han àwọn ìyá ìjọ níbi ìpàdé àdúrà àárọ̀ Sátidé. Wọ́n ní Houston gan-an ló nílò irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Houston tẹ́ pẹrẹsẹ, fríwéè, ọ̀nà márosẹ̀ orí afárá, nìkan ló ga níbẹ̀, tí òjò bá sì ti rọ̀ fún wákàtí méjì, Màmá á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn gáréèjì, wọ́n á máa wo omi tó ń gun títì bọ̀ bí ẹni ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jí ìwé wò nínú ìdánwò.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá ni wọ́n wá rán mi ní iṣẹ́ tí wọ́n ti fi pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn náà jẹ́ ìṣẹ́jú kan dín díẹ̀. Wọ́n ní kí n wọ rélùwéè lọ sí àríwá títí irin á fi tán. Odi òkun wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Dúró lórí rẹ̀. Wo ọ̀tún, wo òsì. Èwo ló ga jù, òkun ni àbí ilẹ̀? Má lọ wá a nínú ìwé tàbí lórí fóònù o. Ojú ara rẹ ni kó o fi rí i, kó o wá sọ fún mi bóyá irọ́ ni mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n pa."

Mi ò lọ. Wọ́n ń tún ojú irin ṣe lọ́nà ibẹ̀ ní Sátidé náà, màá ní láti wọ bọ́ọ̀sì dípò rélùwéè ní apá kan, wọ́n sì ti kéde ìjì. Mo rò ó, mo wọ̀n ọ́n, mo wá lọ sí ìlú tó wà nítòsí, mo jẹ páǹkéèkì tó fẹ̀ tó àwo, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Màmá dáhùn ní kíá: "Páǹkéèkì kọ́ ni mo rán ọ." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Gbólóhùn ìkẹyìn tí mo ní lóhùn wọn nìyẹn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e ni àtẹ̀jíṣẹ́ túlíìpù wọlé.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí wọ́n fún Màmá ní fóònù. Wọ́n ní Màmá ń sùn.

"Aago méje àárọ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

"Àgbàlagbà kì í sùn mọ́ ni?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi ni."

Ẹ̀gbọ́n mi ní lóòótọ́ ni. Wọ́n ní Màmá kọ ọ́ tán ni wọ́n tún sùn lọ. Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun. Wọ́n ní kí n gbájú mọ́ ìwé mi, pé ọjọ́ tí màá dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti gbèjà iṣẹ́ ìwádìí mi ti ń sún mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kó ẹ̀rí jọ. Wọ́n ní kámẹ́rà fóònù Màmá bàjẹ́. Ọ̀fun ń dun Màmá, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Màmá wà ní ìpàdé àdúrà, ní ọjọ́ Túsìdeè tí kò sí ìpàdé kankan. Mo pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Energy Corridor, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ epo ní Houston, tó máa ń bá mi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nígbàkigbà tí mo bá pè. Lọ́jọ́ náà, ohùn tí wọ́n fi ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní Màmá wà lábẹ́ òjìji Ọlọ́run. Mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo béèrè.

Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ Yorùbá á ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. A kì í sọ ìròyìn àìsàn fún ọmọ tó wà lókè òkun tó ń ṣèdánwò lọ́wọ́. Ìfẹ́ ni a ń pè é. Nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi ló wà nílé ìwé ní Houston, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni gbogbo wa fi purọ́ fún wọn lórí fóònù, èmi náà wà níbẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá. Mo sọ fún wọn pé Bàbá lọ sóko. Nítorí náà mo mọ irọ́ náà láti inú wá. Mo mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń pa á fún lè bi wọ́n títí, pé bó bá ṣe ń béèrè tó ni wọ́n á ṣe máa rọ̀ mọ́ ọn tó.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀. Ṣé ibà ni? Ṣé ó ju ibà lọ? Mo wo ọ̀nà àtilọ. Mi ò ní físà Amẹ́ríkà, ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó sì sún mọ́ jù tí mo rí wà nínú oṣù karùn-ún ọdún tó ń bọ̀. Mo gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan tó kù tí mo lè ṣe ju kí n máa wọ rélùwéè ní Sátidé, kí n máa ya fọ́tò. Mo lọ sí ìlú kan tí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo lọ sí abúlé tí ojú ọ̀nà ga ju ẹnu ilẹ̀kùn àwọn ilé lọ. Ẹni tó ń fi fóònù Màmá dáhùn á ní, "Ó rẹwà gan-an. Olúwa á ṣọ́ ọ." Kò béèrè nǹkan kan rí. Mi ò sì sọ fún un pé mo mọ̀ pé òun kọ́ ni Màmá. Mo bi ara mi nígbà náà ìdí tí mi ò fi sọ ọ́. Mo rò pé mo ń bẹ̀rù pé tí mo bá fipá mú wọn, wọ́n lè sọ òtítọ́.

Ní Sátidé kẹrin nínú oṣù kọkànlá, mo lọ sí àríwá títí irin fi tán.

Láti ibùdókọ̀, mo fi ẹsẹ̀ rìn gba àárín ìlú. O kò ní rí òkun rárá. Àwọn ilé pupa kéékèèké, kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn wọn òkè koríko kan tó gùn lọ láìlópin. Òkè yẹn ni odi náà. Mo gun àtẹ̀gùn rẹ̀ dé orí, òkun sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní àwọ̀ eérú, ó gbòòrò, ọkọ̀ ojú omi funfun kan ń kó èrò lọ sí erékùṣù tó wà lódìkejì. Mo wo òsì, mo wo ọ̀tún. Mo ya fọ́tò kan.

Ojú mi kò lè sọ èyí tó ga jù. Mo wá ka àtẹ̀gùn. Láti orí odi sí ojú títì, lápá ilẹ̀, ó jẹ́ méjìlélógún. Láti orí odi sí ibi tí omi òkun dé, ó jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Ìyẹn ni pé òkun ló rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, pé àwòrán ojú pátákó kò tọ̀nà. Mo tún un kà. Iye kan náà ni. Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé ara òkúta dúdú fún ewé òkun dé ibi tó ga ju omi lọ dáadáa. Omi ti fà ni. Yóò tún kún.

Mo lè fi ohun tí mo rí títí dé ibẹ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdáhùn tó pé, Màmá kò sì kọ́ mi láti fi ìdajì ìdáhùn sílẹ̀. Mo jókòó sórí odi. Òtútù mú mi débi tí mi ò mọ ìka mi mọ́. Obìnrin arúgbó kan tó ń mú ajá rìn kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ó bi mí bóyá mo sọnù. Mo ní mo ń dúró de omi ni. Ó mi orí bí ẹni pé ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo tún kà á, lápá òkun, ó ti di ogún. Òkun fi àtẹ̀gùn méjì ga ju ilẹ̀ lọ. Mo mú fóònù, mo sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo sọ iye àkọ́kọ́ àti iye ìkejì. Mo sọ pé àtẹ̀gùn náà kò dọ́gba, pé kí wọ́n má gbà á bí òdiwọ̀n. Mo ní, "Màmá, ẹ ò purọ́. Ẹ kàn gbàgbé láti ya ìgbà tí omi bá fà ni. Èmi ni ọkùnrin orí odi yẹn, òtútù sì ń pa mí." Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni mo fi ránṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ìdáhùn kan wá: "Màmá ní o ṣé gan-an."

Mo gbèjà iṣẹ́ ìwádìí mi ní Tọ́sìdeè kejì nínú oṣù kejìlá. Wọ́n ní mo yege. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ṣùgbọ́n ohùn tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ti pásítọ̀ wọn. Pásítọ̀ ní, "Ọmọ wa, ṣé o ti jẹun? Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?" Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọn ò tíì sọ ọ́, ó ti yé mi. Rọpárọsẹ̀ ló kọ lu Màmá ní ọ̀sẹ̀ tí mo jẹ páǹkéèkì. Ó kọ lu wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ti kú láti òpin oṣù kọkànlá.

Lójú fóònù ni mo ti wo ìsìnkú. Wọ́n gbé kámẹ́rà kan síbi tí kò ti rí ju ẹ̀yìn àwọn ènìyàn lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni nẹ́tíwọ̀kì já. Oṣù karùn-ún ni mo rí físà gbà. Nígbà tí mo dé Humble, bẹ́ẹ̀dì Màmá wà nínú yàrá àwọn ọmọ, wọ́n ti to nǹkan ìṣeré sórí rẹ̀. Mo fi òfin de ara mi pé mi ò ní bínú sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo pa òfin náà mọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹ̀gbọ́n mi ní kí a lọ sí ibi tí omi wà. A wa mọ́tò gba Baytown, a kọjá lára àwọn páìpù àti táńkì tí wọ́n ti ń fọ epo, tí iná ń jó lókè wọn ní ọ̀sán gangan. A páàkì létí omi, a ò sọ̀ kalẹ̀ nítorí oòrùn. Mo bi wọ́n ohun tí mo ti fẹ́ bi wọ́n láti ìgbà náà, pé ṣé Màmá gbọ́ ohùn tí mo fi ránṣẹ́ láti orí odi.

Ẹ̀gbọ́n mi di sítíárì mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò rìn mọ́.

"Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn mọ́jú Sátidé yẹn," ni wọ́n wí. "Ní nǹkan bí aago márùn-ún, Màmá lajú. Wọ́n ní, 'Ṣé ó ti débẹ̀?' Mo ní, 'Ta ni, Màmá? Níbo?' Wọn ò sọ nǹkan mìíràn. Nígbà tó fi máa di aago méje, wọ́n ti sùn padà, oorun tí a ò lè jí wọn níbẹ̀. Ìgbà tí tìẹ wá wọlé, mo fi sí etí wọn. Mo fi sí i tán pátápátá. Wọn ò lajú."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ sí mi pé Màmá ní o ṣé."

"Mo parọ́ ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Má bínú, ọmọ ìyá mi."

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn wò láti ọ̀nà púpọ̀. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí mo ní fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án parọ́ fún mi. Kò sùn ní òru náà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ó tún fẹ́ fi irọ́ tù mí nínú ni, ì bá ní Màmá gbọ́ ọ, pé wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ gbà á gbọ́, mo sì mọ̀ pé fífẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí.

Ìwé ẹ̀rí ikú sọ pé Sọ́ńdè ni, ní ọ̀sán, ọjọ́ kejì ọjọ́ náà. Mo mú fóònù mi jáde nínú mọ́tò, mo wo àkọsílẹ̀ ohùn náà. Ó wà níbẹ̀ pé wọ́n ṣí i ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú méjì àárọ̀ Sátidé, àkókò Houston. Ta ló gbọ́ ọ, ìyẹn kò sí níbẹ̀.

Mo wá wo fọ́tò tí mo kọ́kọ́ yà lórí odi, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àtẹ̀gùn. Omi ti fà nínú rẹ̀, ọkọ̀ funfun ń lọ. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì àárọ̀ ni mo yà á. Ní Houston, aago mẹ́rin kò tíì lù, Màmá kò tíì lajú béèrè bóyá mo ti débẹ̀. Mi ò fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà.